Ikú Òjijì Kì í Ṣe Òjijì: Ọ̀rá, Ìpẹtà àti Ẹ̀jẹ̀ Dídì Nínú Iṣan Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

 

Ọ̀rọ̀ ìlera ni ìgbìmọ̀ ní kí a wá sọ. Lọ́dọọdún ni a ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà títì, omi ẹ̀rọ àti ilé ẹ̀kọ́ nínú ìpàdé yìí, gbogbo rẹ̀ ni ó sì dára. Ṣùgbọ́n òkú kì í mu omi ẹ̀rọ, òkú kì í sì í rin ọ̀nà títì. Nítorí náà ni a ṣe bẹ̀ yín kí ẹ fún wa ní etí díẹ̀, kí a lè jọ yẹ ohun tí ń pa àwọn ènìyàn pàtàkì wa lójijì wò, àwọn tí ara wọn ṣì le, tí iṣẹ́ wọn ṣì ń lọ, tí ìlú ṣì ń fojú sọ́nà sí oore láti ọwọ́ wọn.

Bí irú ikú bẹ́ẹ̀ ti máa ń wáyé kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọkùnrin kan á jẹun alẹ́ tán, á bá àwọn ará ilé ṣeré, á wọlé lọ sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, igbe á ta. Tàbí kí ọmọ ìlú kan ti òkè òkun dé láti wá ṣí ilé tí ó kọ́, kí ó sì ṣubú lulẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Lẹ́yìn náà ni ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọ́n á ní aráyé ni. Wọ́n á ní ó jẹun níbi tí kò yẹ kí ó ti jẹun. Wọ́n á máa fi ojú burúkú wo àbúrò bàbá rẹ̀ tàbí orogún ìyá rẹ̀. Agbo ilé á tú, àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi á sì búra pé àwọn kò ní í sùn nílé mọ́.

Àwa kò wá láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí a wá sọ ni pé púpọ̀ nínú irú ikú báyìí ní ìdí tí a lè fi ojú rí, a sì mọ ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti wà nínú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹni náà fún ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún kí ọjọ́ náà tó pé. Lójú àwa tí a ń wò ó láti ìta ni ikú náà fi jẹ́ òjijì.

Kí a tó dé ibi àrùn, ẹ jẹ́ kí a mọ bí ara ti rí nígbà tí ó dá ṣáṣá. Ọkàn ènìyàn ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 láàárín ọjọ́ kan, ó ń ti ẹ̀jẹ̀ gba inú iṣan lọ sí gbogbo ara. Iṣan yìí kì í ṣe páìpù irin. Ohun tí ó ní ìyè ni. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni ó tẹ́ inú rẹ̀, awọ yìí sì ń yọ afẹ́fẹ́ kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ nitric oxide. Afẹ́fẹ́ náà ń mú kí iṣan dẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad, ni a fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 1998 nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀jẹ̀ dídì náà, ní ti ara rẹ̀, kì í ṣe àrùn. Bí àdá bá ṣá àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀, àwọn ègé kéékèèké kan tí ó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn á sáré wá, wọ́n á so mọ́ ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n á so mọ́ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí a pe àwọn wọ̀nyí ní adíjú-ọgbẹ́. Nínú ẹran ara lẹ́yìn iṣan sì ni èròjà kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní tissue factor. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá kàn án, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀: èròjà kan á jí èkejì, èkejì á jí ẹ̀kẹta, títí okùn tínrín-tínrín tí a ń pè ní fibrin yóò fi hun ara rẹ̀ bí àwọ̀n ẹja, tí yóò sì di ẹ̀jẹ̀ náà mú pinpin. Bí kò bá sí ètò yìí, ọgbẹ́ kékeré lè gba ẹ̀mí ènìyàn. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀: ẹ̀yìn ògiri ni èròjà náà wà, níbi tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé bí iṣan kò bá ya, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ ti ń tọ́jú ẹ̀tù ìbọn rẹ̀ jìnnà sí ààrò.

Nísinsìnyí, a dé orí ọ̀rá. Ọ̀rá kan wà nínú ara gbogbo wa tí àwọn dókítà ń pè ní kọlẹsitẹ́rọ́ọ̀lù. Òun náà kì í ṣe ọ̀tá. Ara ń lò ó láti fi mọ ògiri sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń lò ó láti fi ṣe oje òróòro tí ń da oúnjẹ ọlọ́ràá. Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi àti epo kì í pò pọ̀. Nítorí náà a ní láti di ọ̀rá náà ní ẹrù kí ó tó lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Irú ẹrù tí ọ̀rọ̀ wa kàn lónìí ni wọ́n ń pè ní LDL. Bí ẹrù yìí bá mọ níwọ̀n, ẹ̀dọ̀ á gbà á padà láti ẹnu-ọ̀nà tí ó ní fún un. Michael Brown àti Joseph Goldstein ni wọ́n rí ẹnu-ọ̀nà náà, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1985. Bí ẹrù bá pọ̀ ju agbára ẹnu-ọ̀nà lọ, á máa rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, díẹ̀díẹ̀ á sì máa wọ inú ògiri iṣan, á há síbẹ̀.

Kì í ṣe àròsọ ni èyí. Ní 1913, ní ìlú St Petersburg ní Rọ́ṣíà, Nikolai Anitschkow po kọlẹsitẹ́rọ́ọ̀lù mọ́ òróró, ó sì fi bọ́ àwọn ehoro. Iṣan wọn kún fún kókó ọ̀rá. Àwọn ehoro tí ó fún ní òróró nìkan kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rá tí ó há nìkan kọ́ ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀; ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí i níbẹ̀ ni. Ẹ wo ọkọ́ tí a gbàgbé sóko nígbà òjò: ó dípẹtà. Ẹ wo epo tí a kò dé lórí fún ìgbà pípẹ́: òórùn rẹ̀ yí padà, adùn rẹ̀ sì lọ. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣe méjèèjì. Ọ́síjìn yìí kan náà ni a ń mí sínú, a kò sì lè wà láàyè láìsí i; ṣùgbọ́n nínú ara, díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa di èròjà oníjàgídíjàgan tí ń ba ohun tí ó bá kàn jẹ́. Ara ní agbára tí ó fi ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Nígbà tí wọ́n bá borí agbára náà, ọ̀rá LDL tí ó há sínú ògiri iṣan á dípẹtà. Daniel Steinberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní kíkún ní 1989. Sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ìtọ̀ ṣúgà sì wà lára ohun tí ń fi kún ìpẹtà náà.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, tí wọ́n jẹ́ ọmọ-ogun ara, á wá sí ibi tí ọ̀rá ti bàjẹ́. Wọ́n á máa gbé e mì láìdákẹ́, títí ikùn wọn á fi kún fọ́fọ́, tí wọn kò ní í lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Wọ́n á kú síbẹ̀, òkú wọn àti ọ̀rá á wá di kókó rírọ̀ nínú ògiri, tí èèpo tín-ín-rín bò lórí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kan náà ni ó sì ń pèsè tissue factor tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣe àkíyèsí rẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn wa: ẹ̀tù tí ó yẹ kí ó jìnnà sí ààrò ti wà ní ẹ̀bá iná báyìí, èèpo kan ṣoṣo ni ó là wọ́n láàárín. Ìpẹtà náà kò sì dúró níbẹ̀. Ó ń ba nitric oxide jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni iṣan kò ní í lè dẹ̀ bí ó ti yẹ. Ó sì ń mú kí àwọn adíjú-ọgbẹ́ tètè bínú, kí wọ́n máa wá ibi tí wọn óo lẹ̀ mọ́.

Ọdún á máa gorí ọdún, ẹni náà kò ní í mọ nǹkankan. Ní 1953, àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ ìwé lórí òkú àwọn ọmọ-ogun 300 tí wọ́n kú nínú ogun Korea. Ọdún méjìlélógún ni ọjọ́ orí wọn ní ìdáméjì, síbẹ̀ 77 nínú 100 wọn ni a rí àmì àrùn yìí nínú iṣan ọkàn wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lè gbé ìbọn sá eré ni wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, èèpo á ya. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn ìbínú, ó lè jẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ agbára, ó sì lè jẹ́ lójú oorun. Ẹ̀jẹ̀ á kan ohun tí ó wà nísàlẹ̀, àwọn adíjú-ọgbẹ́ á sáré wá, àwọ̀n á hun. Ara rò pé ọgbẹ́ ni òun ń dí, kò mọ̀ pé ọ̀nà ni òun ń dí. Bí iṣan náà bá jẹ́ ti ọkàn, ẹran ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí ó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ dé. Lọ́pọ̀ ìgbà ni kókó tí ó ya kò tí ì tóbi tó láti dí iṣan tẹ́lẹ̀, ìdí nìyí tí ẹni náà kò fi ní ìrora kankan ní ìjẹta. Ní 1980, Marcus DeWood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wo iṣan ọkàn àwọn aláìsàn 126 láàárín wákàtí 4 tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Nínú 110 wọn, iṣan náà dí pátápátá. Ọ̀rá ni ó tẹ́ ilẹ̀, ìpẹtà ni ó kó igi jọ, ẹ̀jẹ̀ dídì ni ó ṣáná sí i.

Ẹnìkan lè bi wá pé, ṣé kì í ṣe àrùn òyìnbó ni èyí? Ìbéèrè tí ó bọ́gbọ́n mu ni. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn dókítà ní Ìbàdàn tó rí ọmọ ilẹ̀ wa tí iṣan ọkàn rẹ̀ dí. Láti 1992, àwọn onímọ̀ fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìbàdàn wé àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé kọlẹsitẹ́rọ́ọ̀lù àwọn ti Ìbàdàn kéré sí ti àwọn ti Amẹ́ríkà. Àwọ̀ wọn kò yàtọ̀. Oúnjẹ àti ìgbé ayé wọn ni ó jìnnà síra. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e pé bàbá yín pẹ́ láyé. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé náà, oúnjẹ àti ìgbé ayé òkè òkun ti bá yín dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀rí sì wà nítòsí. Láti 2014 sí 2017, Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní Nàìjíríà àti Gánà wé iye ènìyàn kan náà tí kò kọlù. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣáájú gbogbo ohun tí ó fa àrùn náà, ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ tí kò rí bí ó ti yẹ ni ó tẹ̀ lé e. Ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́, ikùn yíyọ, ìtọ̀ ṣúgà, àìjẹ ẹ̀fọ́ tó, iyọ̀ tí a ń bù sí oúnjẹ tí a ti sè, ìjókòó sójú kan àti sìgá wà lára ìyókù.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí ó fún wa ní ìrètí. Ní 2006, Jonathan Cohen, Helen Hobbs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ̀wé lórí àwọn aláwọ̀ dúdú 3,363 ní Amẹ́ríkà tí a tọ́jú ìtàn ara wọn fún ọdún 15. Díẹ̀ nínú wọn, 2.6 nínú 100, ni a bí pẹ̀lú ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wọn tí ó jẹ́ kí LDL wọn fi 28 nínú 100 kéré sí ti àwọn yòókù. Ewu àrùn iṣan ọkàn wọn sì fi 88 nínú 100 dín kù. Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé ẹni tí LDL rẹ̀ kéré láti ìgbà èwe ń jẹ èrè rẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́.

Bí a ti ń jogún rere, bẹ́ẹ̀ ni a ń jogún ibi. Nínú nǹkan bí 300 ènìyàn, ẹnìkan wà tí a bí pẹ̀lú ẹnu-ọ̀nà ẹ̀dọ̀ tí kò ṣí dáadáa, LDL rẹ̀ sì ga láti ìgbà tí ó ti wà lọ́mọdé. Bí agbo ilé kan bá wà tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ kì í tó ọmọ ọdún 50 kí wọ́n tó ṣubú, kí a tó sọ pé èpè ń jà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wọn wò. Oògùn wà fún un.

Kí ni kí a wá ṣe? Èkíní, kí olúkúlùkù mọ iye ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ àti iye LDL rẹ̀. Èkejì, kí amusìgá jáwọ́. Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ. Epo pupa kò ní kọlẹsitẹ́rọ́ọ̀lù nínú, nítorí ara ẹranko ni kọlẹsitẹ́rọ́ọ̀lù oúnjẹ ti ń wá. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ń mú kí LDL gòkè. A kò ní kí ẹ má jẹ epo. A ní kí ọbẹ̀ má ṣe léfòó lórí epo. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja àti ẹsẹ̀ rírìn kò tí ì di ohun àtijọ́.

Ẹ̀kẹrin ni oògùn, ibẹ̀ sì ni ẹ̀tàn pọ̀ sí jù. Nítorí pé ìpẹtà jẹ́ òótọ́, àwọn ènìyàn ń ta oògùn pé yóò ha ìpẹtà kúrò nínú iṣan. A ti dán fítámì wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú iṣẹ́ ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2002, àwọn 20,536 ni ó kópa. A fún ìdajì wọn ní fítámì E, C àti beta-carotene fún ọdún 5. Kò dín ikú kù, kò sì dín àrùn ọkàn kù. Oògùn tí ń dín LDL kù ni ó ṣiṣẹ́. Akira Endo ará Japan ni ó rí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ara èébú ní àwọn ọdún 1970. Ní 1994, àwọn dókítà ní ìhà àríwá Yúróòpù ròyìn pé simvastatin fi 30 nínú 100 dín ikú kù láàárín àwọn aláìsàn ọkàn 4,444. Ẹni tí ń fi owó rẹ̀ ra ìgò ìyanu lọ́jà, tí ó sì ń pa oògùn dókítà tì, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Ní ti aspirin, òun ni ó ń mú kí ara àwọn adíjú-ọgbẹ́ rọlẹ̀. Ní 1988, ìwádìí kan lórí àwọn 17,187 tí a fura pé ọkàn wọn kọlù wọ́n fi hàn pé ó fi 23 nínú 100 dín ikú irú èyí kù. Ṣùgbọ́n oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ di oògùn ojoojúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà ní kí ó lò ó.

Bí àyà bá ń fún ènìyàn bí ẹni pé a gbé ọlọ lé e, tí ìrora náà gba apá tàbí àgbọ̀n lọ, tí òógùn tútù bò ó. Tàbí bí ẹnu bá wọ́ sápá kan, tí apá rọ, tí ọ̀rọ̀ kò já geere: ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, ẹ má ṣe fún un ní àgbo tàbí aspirin, nítorí ó lè jẹ́ pé iṣan ni ó bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Oògùn tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ, àárín wákàtí 4 àbọ̀ àkọ́kọ́ ni a sábà máa ń lò ó. Aago kì í dúró de ìpàdé ẹbí.

Ní ìparí, a mú àbá mẹ́ta wá síwájú ẹgbẹ́. Kí a ra ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì fún ilé ìtọ́jú aláìsàn ìlú wa, kí a sì sọ ọjọ́ ìpàdé ọdọọdún di ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún tọmọdé tàgbà. Kí a kọ orúkọ àwọn onímọ́tò tí ó gbà láti gbé aláìsàn lóru sílẹ̀, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo àdúgbò. Kí ẹ̀yin ará òkè òkun mú ìwé àyẹ̀wò ara yín dání bí ẹ bá ń bọ̀ wálé, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń mú ìwé ìrìnnà dání.

Bí ẹnìkan bá sì ṣubú láàárín wa, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti dókítà kí a tó gbọ́ ti ẹnu ayé. Ikú tí a mọ ìdí rẹ̀ ṣòro láti fara dà, ṣùgbọ́n kì í tú agbo ilé ká. Èyí tí a fi ẹ̀sùn bò mọ́lẹ̀ ni ó ń pa òkú, tí ó tún ń pa àwọn alààyè pẹ̀lú.

 Ìlú wa yóò gbòòrò, a óo sì jọ wà láàyè láti rí i. Ire o.